Mo Kọ Bàbá Mi Sílẹ̀

Mi ò mọ ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì kan tó sì pinnu pé ó yẹ kí ọmọ àgbẹ̀ láti Àgọ́-Àrẹ mọ ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà fi ń sá nílé. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, mo ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ. Ọdún kejì wa ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ṣakí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní ewì Amẹ́ríkà òde òní, nínú kíláàsì kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ní gíláàsì, tí eruku ọyẹ́ ń wọlé bó ṣe wù ú. A tó ogójì. Àga ò tó wa, nítorí náà ènìyàn mẹ́ta ń fún ara wọn mọ́ra lórí ìjókòó ẹni méjì, a wá ṣí ìwé, a ń ka ewì nípa ìdánìkanwà.

Àwọn ewì náà jọra. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á wà nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹnikẹ́ni kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan á máa bá bàbá rẹ̀ jà láti òkè ewé dé ìsàlẹ̀ ewé, bàbá ò sì ní rí ìlà kan ṣoṣo fi fèsì. Òmíràn á wa mọ́tò, á gba títì lọ, kò ní í sọ ibi tó ń lọ, kò sì sí ẹni tó máa bi í. Inú ń bí gbogbo wọn. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní ìlú ni, ilé ni, bàbá ni, oúnjẹ alẹ́ tí gbogbo ilé jókòó jẹ pọ̀ ni.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ebi ò pa wọ́n ni." Olùkọ́ wa, obìnrin kúkúrú kan láti Ìsẹ́yìn tí kì í gbóhùn sókè, dúró kí ẹ̀rín náà tán, wọ́n wá bi wá pé kí la máa pe ohun tó ń ṣe ọmọkùnrin inú yàrá yẹn ní Yorùbá. Ẹnìkan ní àdáwà. Ẹnìkan ní ìdánìkanwà. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní àìsàn ni, kíláàsì tún bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa ní, "Gbogbo orúkọ tí ẹ dá yìí, ta ni nínú yín ló gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí?"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn gan-an. Mo ti rí àwọn ènìyàn mi. Ẹ má bi mí bí ọmọ Mùsùlùmí tó ń bo orí, tí bàbá rẹ̀ ń dáko kajú àti àgbàdo, ṣe wá di ẹbí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tínú ń bí. Ogún ọdún ni mo ti lò nínú agbo-ilé tí mi ò ti dá wà fún odidi wákàtí kan rí, mo sì kórìíra rẹ̀ gidigidi.

Ẹni tó bá rò pé mò ń ṣàsọdùn, kó lọ sí Àgọ́-Àrẹ, kó wá ibi tí òun nìkan lè jókòó sí. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa tí wọ́n ń sá iṣu èlùbọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo máa ń lọ sórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti lọ bínú. Kí n tó fìdí kalẹ̀ dáadáa, ẹni tó ń ti oko bọ̀ á ti sọ pé, "O kú ìjókòó o." Mo gbọ́dọ̀ dáhùn. Ẹnì kejì á ní, "O kú ìgbafẹ́ o." Mo gbọ́dọ̀ dáhùn. Ẹnì kẹta á gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀: "Ọmọ yìí, ṣé kò sí o? Ta ló bá ọ wí?" Ilẹ̀ ò ní tíì ṣú tí ìròyìn á fi dé ọ̀dọ̀ ìyá mi pé ọmọ wọn wà lórí àpáta, ojú rẹ̀ ò dáa, kí wọ́n lọ wò ó. Kò sí ohun tí ènìyàn lè máa ṣe tí Yorùbá ò ní ìkíni fún, títí kan kí ó má ṣe nǹkan kan. Ọ̀fẹ́ ni ọmọ Amẹ́ríkà rí ìdánìkanwà tirẹ̀, ó tún wá ń sunkún lé e lórí. Èmi ní láti jí tèmi.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kéwú dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ sì gún lórí wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ kéú fi ń kọ́ ìwé, àmọ́ kò lọ ilé-ìwé òyìnbó. Òun ló rán èmi lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ rẹ̀, nítorí pé nígbà tí mo kọ ewì nípa rẹ̀, mi ò sọ ọ́. Bí ó bá pinnu nǹkan, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì dìde. Ẹ máa ṣàkíyèsí pé "wọ́n" ni mò ń pe gbogbo àgbà tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àfi bàbá mi. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, "ó" ni mò ń pè é nínú ọkàn mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yẹn, ìyá rẹ̀ tó bí i, ìyá àgbà wa, yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn sì kán. Àwọn tó ń to eegun tò ó, wọ́n ní ìyá àgbà ò gbọdọ̀ dìde fún oṣù mélòó kan. Ìsinmi ni mo wá lò nílé. Nígbà tó ku ọ̀la kí n padà sí Ṣakí, bàbá mi pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O ò ní í padà ní tẹ́ẹ̀mù yìí," ó ní. "O ó dúró ti ìyá mi."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Ìyá ẹ ń bẹ lọ́jà. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ ti wà nílé ọkọ. Ìwọ lọ́wọ́ ẹ dilẹ̀."

"Ọwọ́ mi ò dilẹ̀. Ìwé ni mò ń kà."

"Ìwé ò ní í sá lọ," ó ní, ó dìde.

Bí wọ́n ṣe gba oṣù márùn-ún lọ́wọ́ mi nìyẹn. Yàrá ìyá àgbà ló gbẹ̀yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Fèrèsé kékeré kan ló ní, àti ilẹ̀kùn pákó àtijọ́ kan tí à ń fi òkúta tì lẹ́sẹ̀ kí atẹ́gùn má baà máa gbá a. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń yí wọn padà, mo ń da ìgbọ̀nsẹ̀ wọn nù, mo sì ń bínú sí gbogbo ẹni tó bá wọlé wá sọ fún mi pé Ọlọ́run á san án fún mi. Wọn ò sì yé wọlé. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà wá, àwọn ará oko wá, ẹni tó kàn ń kọjá lọ náà á yà, á jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á ní òun ò ní í pẹ́, á sì pẹ́. Wọ́n á sọ̀rọ̀ lórí mi bí ẹni pé èmi náà jẹ́ ìkòkò tàbí àga. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó bi mí nípa ìwé mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ènìyàn lè dá wà láàárín èrò, ìyẹn sì ni àkọ́kọ́ ohun tí mo gbà gbọ́ nínú gbogbo ohun tí àwọn akéwì Amẹ́ríkà yẹn sọ.

Fóònù mi ni mo sá sínú rẹ̀. Olùkọ́ wa ń fi àwọn ewì ránṣẹ́ sí kíláàsì lórí Wásáàpù, mo sì ń kà wọ́n láàárín ìwẹ̀ àti oúnjẹ, títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ wọ́n sórí. Wọ́n kọ́ mi ní ìbínú bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní kéú, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Mo fẹ́ ṣọ̀tẹ̀ bíi tiwọn. Àmọ́ ìṣọ̀tẹ̀ tiwọn rọrùn: wọ́n á wa mọ́tò lọ, wọ́n á mutí, wọ́n á gé irun. Kò sí mọ́tò ní ilé wa, ọtí ò sì wù mí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé garawa, mo kọjá níwájú bàbá mi tó ń yọ ọkọ́ àti àdá sí ẹnu ọ̀nà, mi ò kúnlẹ̀. Mi ò sọ pé ẹ káàárọ̀. Mo kàn kọjá.

Ẹni tí kì í bá ṣe Yorùbá ò lè mọ ohun tí mo ṣe yẹn. Ìbá sàn kí n la àwo mọ́lẹ̀. Bàbá mi dá ọwọ́ dúró, ó ń retí, mo sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń retí, títí mo fi dé ibi ẹ̀rọ omi. Ọjọ́ kejì, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé lọ sóko kí a má baà pàdé. Ìyá mi pè mí sí ìdáná. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Kí bàbá ẹ, kọ́rọ̀ ó tán." Mo ní mi ò wá obì. Mo rò pé mo ti borí.

Ìyá àgbà nìkan ló bi mí ohun tí mò ń kà. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n ń wò mí.

"Kí ni fóònù yẹn ń sọ fún ọ tó ń mú ọ fajú ro?"

"Ewì ni," mo ní. "Ọmọkùnrin kan ni, ní Amẹ́ríkà. Ó ń dá gbé nínú yàrá. Ẹnikẹ́ni kì í wá a."

"Ta ló ṣẹ̀?"

"Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Ìyá ẹ̀ ti kú ni?"

"Wọn ò kú. Kò kàn fẹ́ rí wọn ni."

Wọ́n rò ó títí. "Ṣé ó ń jẹun?"

"Ewì ò sọ ìyẹn."

"Ẹni tó kọ ọ́ ò sì bèèrè?" Ó hàn lójú wọn pé ìwà ẹni náà ò tẹ́ wọn lọ́rùn. "Bó o bá tún ti rí i nínú fóònù yẹn, bá n kí i. Sọ pé ìyá kan ní Àgọ́-Àrẹ ní ó kú àdáwà o."

Inú bí mi. Mo ti gbé ọgbọ́n ńlá wá síwájú wọn, wọ́n wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀bà. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán lórí bẹ́ẹ̀dì, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè ni, "Ọmọ yẹn ńkọ́? O ti bá n kí i?" Mo máa ń ní mo ti kí i, ó ní ẹ ṣé. Irọ́ ni. Mi ò tiẹ̀ fojú kan ewì náà mọ́.

Nígbà tí ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo padà sí Ṣakí. Mi ò dágbére fún bàbá mi. Olùkọ́ wa ní kí kálukú kọ ewì tirẹ̀ ní èdè tó bá wù ú, pé a máa kà á fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni mo fi kọ tèmi, ní Yorùbá. Nínú rẹ̀, bàbá mi ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sóko, ó sì rì í mọ́ ìdí igi kajú. Oṣù márùn-ún ni mo fi gbọ́ ohùn òjò nìkan. Mo yọ ìyá àgbà kúrò níbẹ̀, torí bí wọ́n bá wà níbẹ̀, mi ò dá wà mọ́. Mo yọ ẹgbẹ́ àdúrà náà. Mo yọ garawa. Ìlà tó kẹ́yìn ni: *Mo kọ bàbá mi sílẹ̀.*

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá ti mọ ohun tí mo ṣe. Ẹni tó fi nǹkan sínú ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó já ìyàwó rẹ̀ jù sílẹ̀, ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Etí gbọ́ ìyàtọ̀ wọn kedere. Àmọ́ ẹ fi "bàbá" sáàárín wọn, kí ẹ wá sọ méjèèjì síta. Èyí tó wà nísàlẹ̀ á gòkè, ohùn méjèèjì á di ọ̀kan, kò sí adájọ́ tó lè yà wọ́n. Inú mi dùn sí i nígbà tí mo rí i. Mo lè sọ ọ́ kí n sì máa sọ pé mi ò sọ ọ́.

Olùkọ́ wa rí i. Wọ́n dá mi dúró lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n fi ìka sí ìlà náà.

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, mà."

"Àwọn ará ilé rẹ máa mú ọ̀kan."

"Kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n."

Wọ́n dá ìwé mi padà. Mi ò tíì dárí jì wọ́n pé wọn ò fagi lé e.

Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo kà á. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń fi àwọn akéwì Amẹ́ríkà ṣe yẹ̀yẹ́ dìde dúró, ọmọbìnrin kan ń sunkún. Ẹnìkan gba ohùn mi sílẹ̀, ó sì fi sórí Wásáàpù. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti dé Àgọ́-Àrẹ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níwájú mọ́sálásí, ọkùnrin kan gbé fóònù rẹ̀ sétí bàbá mi, ó ní, "Àbí kì í ṣe ohùn ọmọ yín nìyí?" Bàbá mi gbọ́ ọ dé òpin láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìyá mi ló pè mí. "Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti gbọ́. Ó ní kó o má yọ ara ẹ lẹ́nu wíwá sílé mọ́." Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo sọ fún un pé ìwé lo sọ. Pé o kọ ọ́ sínú ìwé ni, kì í ṣe pé o kọ̀ ọ́. Ó ní kí ìwọ fẹnu ara ẹ sọ ọ́. Ó jókòó tì mí níbí. Sọ ọ́ fún un."

Mo gbọ́ tí wọ́n gbé fóònù fún un. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ní láti mú ọ̀kan, torí pé ènìyàn kì í bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó máa pè é ní "bàbá mi" bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo rántí gbogbo àwọn ọmọ Amẹ́ríkà yẹn, kò sí èyí tó ṣàlàyé ara rẹ̀ fún bàbá. Mo pa fóònù.

Ọdún méje. Mo gboyè jáde, mo rí iṣẹ́ olùkọ́ sí ilé-ìwé gírámà kan ní Ìsẹ́yìn, mo gba yàrá kan. Èmi nìkan ni mo ń gbé ibẹ̀. Ẹ wá wò ó, ọwọ́ mi ti tẹ ohun tí mò ń lépa. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, mo lè jókòó di àárọ̀ ọjọ́ kejì láìsí ẹni tó máa bi mí ṣé kò sí. Ní ọdún kìíní, ó dùn mọ́ mi. Ní ọdún kejì, ibà dá mi wólẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo rákòrò lọ sídìí ìkòkò omi, mo rí i pé kò sí omi níbẹ̀, mo sì jókòó tì í, mo ń bú àwọn akéwì Amẹ́ríkà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ fún mi pé bí ilẹ̀kùn bá dákẹ́ tó, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Àbí wọ́n sọ ọ́, èmi ni mo kà á bí ìlérí.

Àwọn àgbà wa ní ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé". Èmi ni mo mọ bó ṣe rí. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn nígbà àìmọye, mi ò rí ẹni tí mo lè sọ fún pé mo tiẹ̀ dé rárá.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́, mi ò sì jẹ́ sọ ọ́ síta: kí bàbá mi pè mí. Kò pè mí. Òun náà ń retí kí n pè. Orí kan náà ló wà lọ́rùn àwa méjèèjì, orí òkúta. Ìyá mi ń wá kí mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní Ìsẹ́yìn, bí ẹni tó ń lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Bí mo bá bèèrè ìyá àgbà, wọ́n á ní, "Wọ́n wà, wọ́n ń kí ọ." Mo máa ń ní kí wọ́n bá mi kí wọn. Ọdún méje ni mo fi ń rán ìkíni tí mo lè fi ẹsẹ̀ ara mi gbé lọ.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi pè, ohùn wọn sì yàtọ̀. Ìyá àgbà ti kú. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo. Wọ́n ní ọjọ́ kẹwàá rèé. Wọ́n ti sin wọ́n, wọ́n ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. "Bàbá ẹ ló ní ká má pè ọ́," wọ́n ní. "Ó ní ta ni ká sọ fún."

Mi ò sunkún. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé mi, mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ṣakí. Láti Otu dé Komu ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ojú ọ̀nà yẹn burú, gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò ni mo ń rí ọ̀rọ̀ kan tó le sí i fi kún un. Nígbà tí a fi máa dé Àgọ́-Àrẹ, mo ti ní ọ̀rọ̀ tó lè fọ́ ilé.

Bàbá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń yin àgbàdo kúrò lára kùùkù sínú abọ́. Orí rẹ̀ ti funfun. Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún mi. Mo dúró lókè rẹ̀, mi ò kúnlẹ̀, mi ò kí i.

"Ẹ ò sọ fún mi pé ìyá àgbà kú."

Kò gbójú sókè. "Ta ni ká sọ fún?"

"Èmi ni. Èmi tí mo fi oṣù márùn-ún wẹ̀ wọ́n."

"Wọn ò sí nínú ewì ẹ."

Ó ń bá àgbàdo rẹ̀ lọ. "Mo ní kí wọ́n tún un gbé sí i fún mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn. Mo ń wá ibi tí ìyá mi wà. Wọn ò sí níbẹ̀."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò láti Otu, mi ò rí ọ̀kan mú. Ó yin odidi àgbàdo kan tán kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Ọmọ Amẹ́ríkà wo ni ìyá mi ń bèèrè?"

"Ẹ ní kí ni?"

"Lọ́sẹ̀ tí wọ́n lò kẹ́yìn, wọn ò dá wa mọ̀ mọ́. Ọmọ kan ni wọ́n ń bèèrè, pé ó ń dá gbé ní Amẹ́ríkà, pé ṣé a ti bá àwọn kí i. Mo ro gbogbo ẹbí. A ò lẹ́nìkan lọ́hùn-ún." Ó mú kùùkù mìíràn. "Mo sọ fún wọn pé a ti kí i. Mo ní ó ní ẹ ṣé."

Mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi kanlẹ̀. Mo kàn rí i pé ojú mi àti ojú bàbá mi ti dọ́gba, àgbàdo sì wà lábẹ́ orúnkún mi, ó ń gún mi. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún ìyá àgbà.

Bàbá mi, wọ́n jẹ́ kí n sunkún tó. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé abọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́.

"O kọ mí sílẹ̀," wọ́n ní, "àbí o kọ̀ mí sílẹ̀?"

Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n fi àyè sáàárín méjèèjì bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà kéú fún ọmọdé. Ọdún méje ni mo fi fara pa mọ́ sẹ́yìn "bàbá mi". "Yín" kò ṣeé fara pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀, torí kì í pa ìyàtọ̀ ohùn méjèèjì rẹ́. Ìyá mi ti la ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ fún mi láti ìgbà yẹn, ohùn kan ṣoṣo ni mo ní láti gbé sókè, kí gbogbo rẹ̀ sì tán.

"Mo kọ̀ yín sílẹ̀," mo ní.

Wọ́n mirí. "Mo mọ̀. Ìyá ẹ ló ń bò ọ́ láṣìírí." Wọ́n gbọn ìyàngbò àgbàdo kúrò lára ṣòkòtò wọn. "Ìyẹn ò dùn mí tó èkejì."

"Èwo lèkejì?"

"Kọ́kọ́rọ́."

Wọ́n fi kùùkù ọwọ́ wọn nawọ́ sí ìgbẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn pákó náà wà níbẹ̀, ó ṣí sílẹ̀, òkúta kan náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá mi ló kan ilẹ̀kùn yẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án, kò ní kọ́kọ́rọ́. Gbogbo mọ́sálásí ló gbọ́ pé mo ti ọmọ mi mọ́lé, mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ sóko."

Mo mọ ohun tí ọmọ Amẹ́ríkà máa sọ. Á ní ewì ni, pé ewì kì í ṣe ẹjọ́ kóòtù. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìdáhùn yẹn, mo sì ti fún wọn ní máàkì lórí rẹ̀. Mo wo ilẹ̀kùn náà, mo wá ń rò ó bóyá ilẹ̀kùn tàwọn ọmọ Amẹ́ríkà yẹn náà ní kọ́kọ́rọ́, àbí àwọn bàbá kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń retí kí ẹnìkan bi wọ́n.

"Ẹ má bínú, bàbá," mo ní.

Wọ́n fa abọ́ náà padà sáàárín àwa méjèèjì, wọ́n ju àgbàdo kan sí mi kí n máa yin ín.

"Ṣé o ṣì ń kọ̀wé?"

"Mo ń kọ, sà."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà." Mo tẹ́tí sí ohùn wọn dáadáa. Kò lọ sísàlẹ̀. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́."

Ilẹ̀kùn yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́.